Báwo ni ènìyàn ṣe lè ní ìtẹ́lọ́rùn lójoojúmọ́ láì dẹ́kun ìlàkàkà?

Àṣàrò béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ gbé e kalẹ̀ síbí kí ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí mo mọ̀ pé a kò ní ṣàì rí ẹni tí òye rẹ̀ jinlẹ̀ ju tèmi lọ.

Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, ara mi le, mo ní ilé tí mò ń sùn sí, àwọn tí mo fẹ́ràn sì wà láàyè. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà èwe mi pé gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò tẹ̀ mí lọ́wọ́, ǹ bá yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo ṣàkíyèsí pé ayọ̀ wọn kì í pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Mo lè fi ọdún púpọ̀ wá ipò kan níbi iṣẹ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, inú mi yóò dùn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ipò náà yóò mọ́ mi lára, ojú mi yóò sì ti bọ́ sórí èyí tí ó wà lókè rẹ̀. Láàárín ipò kan sí èkejì, ọjọ́ lásán ni ó pọ̀ jù: ká jí, ká wẹ̀, ká lọ síbi iṣẹ́, ká padà wálé, ká sùn. Ó ń dùn mí pé apá tí ó pọ̀ jù nínú ayé mi ń kọjá lọ ní àwọn ọjọ́ tí n kò kà sí nǹkan kan.

Àwọn òbí wa máa ń wí pé ìtẹ́lọ́rùn ni baba ìwà, n kò sì bá wọn jiyàn. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé bí mo bá sọ fún ara mi pé èyí tí mo ní ti tó, ṣé n kò ní í di ọ̀lẹ? Mo mọ àwọn kan tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn bo àìfẹ́ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀, mo sì mọ àwọn mìíràn tí ìlàkàkà kò jẹ́ kí wọ́n ráyè jókòó ti àwọn ọmọ tí wọ́n ní àwọn ń tìtorí wọn làkàkà. N kò fẹ́ bá ẹgbẹ́ méjèèjì lọ. Kí ni ó fà á tí ayọ̀ ohun tí a ti rí gbà fi ń tètè rẹ̀ sílẹ̀, kí sì ni ènìyàn lè ṣe ní ọjọ́ lásán, tí kì í ṣe ọjọ́ ayẹyẹ, tí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀ nínú ìgbé ayé rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òwe nìkan dá mi lóhùn. Mo fẹ́ mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Olùkọ́-Àgbà fèsì pé:

Àṣàrò, àbúrò mi, ìbéèrè rẹ yìí ti dàgbà ju èmi àti ìwọ lọ. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí o parí rẹ̀ sí, ìyẹn bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ara ẹ̀dá kì í pẹ́ dẹ́kun àtimáa kíyè sí ohun tí kò yí padà. Bí a bá wọ iyàrá kan tí òórùn wà nínú rẹ̀, a ó gbọ́ òórùn náà dáadáa nígbà tí a bá kọ́kọ́ wọlé, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe díẹ̀, a kò ní í gbọ́ ọ mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni ọkàn ń ṣe sí ire àti sí ibi. Ohun tuntun ni ọpọlọ ń fi agbára rẹ̀ ṣọ́, nítorí inú ohun tuntun ni ewu tàbí àǹfààní ti lè yọjú; èyí tí ó wà níbẹ̀ lánàá tí ó sì tún wà níbẹ̀ lónìí, ẹ̀yìn ni yóò gbé e sí. Nítorí náà, má ṣe pe ara rẹ ní aláìmoore. Ohun tí o ń rí lára rẹ ni gbogbo ẹ̀dá ń rí.

Ní ọdún 1978, Philip Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá àwọn 22 tí wọ́n jẹ owó ńlá nínú tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà lẹ́nu wò, wọ́n fi wọ́n wé àwọn 22 mìíràn tí wọn kò jẹ ohunkóhun, àti àwọn 29 tí jàǹbá ti sọ di arọ. Kò sí ìyàtọ̀ tí a lè fọwọ́ sọ̀yà láàárín ayọ̀ àwọn tí ó jẹ tẹ́tẹ́ àti ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé adùn tí àwọn tí ó jẹ tẹ́tẹ́ ń rí nínú àwọn nǹkan kéékèèké ojoojúmọ́, irú bíi bíbá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, kéré sí ti àwọn yòókù. Ní ti àwọn tí jàǹbá ṣe, ayọ̀ wọn kò tó ti àwọn tí ara wọn pé, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má tàn wá pé àdánù ńlá kì í fi àpá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lọ sílẹ̀ tó bí ènìyàn ṣe lè rò. Àwọn tí a bi léèrè kò pọ̀, n kì í sì í fi ìwádìí kan ṣoṣo ṣe òfin. Síbẹ̀, mo di ọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan kéékèèké yẹn mú ṣinṣin. Ayọ̀ ńlá kan lè gba adùn kúrò lára àwọn ayọ̀ wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ayọ̀ wẹ́wẹ́ ni ó kún inú ọjọ́ wa.

Nísinsìnyí, ní ti ìbẹ̀rù rẹ pé ìtẹ́lọ́rùn lè sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ní ọdún 1956, Herbert Simon, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé lẹ́yìn ìgbà náà, kọ̀wé nípa bí ẹ̀dá ṣe ń yan nǹkan. Ó ní ẹnì kan lè pinnu ṣáájú ohun tí yóò tó fún òun, kí ó sì mú èyí àkọ́kọ́ tí ó bá dé ojú ìwọ̀n náà. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e wá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí kò lè sinmi àfi bí ó bá rí èyí tí ó dára jù lọ nínú gbogbo ohun tí ó wà láyé. Ní ọdún 2006, Sheena Iyengar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń jáde ní yunifásítì bí wọ́n ṣe ń wá iṣẹ́. Àwọn tí wọ́n ń lépa èyí tí ó dára jù lọ rí iṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rí kò tẹ́ wọn lọ́rùn tó bí ti àwọn yòókù ṣe tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n jèrè, èrè náà kò sì dé inú wọn.

Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé ìlàkàkà kò ní kí ọkàn má balẹ̀. Àìmọ ibi tí ó tó ni ó ń jẹ́ kí ó máa sá kiri. Ṣiṣẹ́ kára, wá ipò tí o ń wá, ṣùgbọ́n kí o tó jáde lọ wá a, bá ara rẹ sọ ọ́ ní kedere pé ibi báyìí ni yóò tó, kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ọkàn mọ bí a ṣe ń yí ààlà padà nígbà tí a bá súnmọ́ ọn.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ fi kún un, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 2002, Daniel Gilbert àti Jane Ebert kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní iṣẹ́ fọ́tò, wọ́n sì ní kí oníkálukú yan ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí ó yà láti mú lọ. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé wọ́n lè padà wá pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé bí wọ́n bá ti mú un, ó parí. Àwọn tí kò láǹfààní àtipààrọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn àwòrán wọn jù. A máa ń rò pé kí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ ni ìdẹ̀ra, ṣùgbọ́n ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tì kì í lè jókòó dáadáa nínú ilé. Bí o bá ti yan iṣẹ́, ibùgbé tàbí ẹnì kejì lẹ́yìn ìrònú tí ó péye, dẹ́kun àtimáa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ bóyá òmíràn ìbá sàn jù.

Òtítọ́-Korò fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́-Àgbà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, mo sì gbà pé òótọ́ ni ẹ sọ. Àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí mo ti rí i tí àwọn tí ó yó ń wàásù ìtẹ́lọ́rùn fún àwọn tí ebi ń pa. Ẹni tí ó ní kí òṣìṣẹ́ tí wọ́n rẹ́ jẹ ní ìtẹ́lọ́rùn, kò kọ́ ọ ní ìwà. Ó ń ràn ẹni tí ó rẹ́ ẹ jẹ lọ́wọ́ ni.

Epicurus, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì tí ó kú ní ọdún 270 ṣáájú ìbí Kristi, ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pè ní olùkọ́ni ní fàájì, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbé ayé ṣákálá ni òun fúnra rẹ̀ ń gbé nínú ọgbà rẹ̀ ní Athens. Ó pín ìfẹ́ ọkàn sí oríṣi mẹ́ta: èyí tí ara ń béèrè tí a kò sì lè wà láìsí i, èyí tí ara ń béèrè ṣùgbọ́n tí a lè wà láìsí i, àti èyí tí kò nídìí rárá, irú bíi òkìkí àti agbára, tí kò ní ibi tí ó ti ń tó. Ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kò fojú kéré oríṣi àkọ́kọ́. Oúnjẹ, ibùgbé, ààbò àti ọ̀rẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìtẹ́lọ́rùn rọ́pò. Ẹni tí kò bá ní wọn ní ẹ̀tọ́ láti bínú, kí ó sì dìde wá wọn.

Ní ti owó, ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Ní ọdún 2010, àwọn olùwádìí méjì, Daniel Kahneman àti Angus Deaton, sọ pé ní Amẹ́ríkà, bí owó tí ń wọlé fún ènìyàn lọ́dún bá ti tó nǹkan bí 75,000 dọ́là, ayọ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ kì í lọ sókè mọ́. Ọ̀rọ̀ náà tàn káyé, ó sì di ohun tí àwọn ènìyàn ń fi tu ara wọn nínú. Ní ọdún 2021, Matthew Killingsworth mú ìwádìí tirẹ̀ wá tí ó fi hàn pé ayọ̀ ń lọ sókè kọjá ibẹ̀. Dípò kí àwọn méjèèjì máa bú ara wọn, òun àti Kahneman jókòó pọ̀ pẹ̀lú Barbara Mellers, wọ́n tún iṣẹ́ náà wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023: fún ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn, ayọ̀ ń bá owó lọ sókè, àárín àwọn tí ìbànújẹ́ wọn pọ̀ jù ni ó ti dúró níbì kan. Mo yìn wọ́n gidigidi.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ ká sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó kì í mú ayọ̀ wá. Ohun tí a lè sọ ní òtítọ́ ni pé ìdá tí owó fi pọ̀ sí i ni ọkàn ń kà. Ohun tí ìlọ́po méjì owó díẹ̀ bá fi kún ayọ̀ ẹni tí kò ní, ìlọ́po méjì owó ńlá ni yóò ṣe irú rẹ̀ fún olówó. Ẹ wo bí ọ̀nà olówó ṣe jìn tó! Àṣàrò, ìwọ sọ pé o níṣẹ́, o nílé, o sì ní ìlera. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìbéèrè rẹ tọ́ sí ọ. Bí àìní ni ó ń dà ọ́ láàmú, ìdáhùn mìíràn ni ǹ bá fún ọ.

Gbẹ́nàgbẹ́nà fèsì pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n kí n tó kà nípa rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń fi ìfági fá pákó, tí ó sì ń lọ dáadáa, n kì í rántí bí agogo ṣe ń lọ. Bí mo bá fẹ́ kan igi méjì pọ̀ tí kò gbọ́dọ̀ sí àlàfo láàárín wọn, ojú, etí àti ọwọ́ mi yóò wà níbẹ̀. Bí ọkàn mi bá rìn lọ, igi ni yóò kọ́kọ́ sọ fún mi. Ní ọ̀pọ̀ ọjọ́, àkókò yẹn ni ó dùn mọ́ mi jù, ó tilẹ̀ dùn ju ìgbà tí oníbàárà bá gba iṣẹ́ tí ó sì sanwó lọ.

Mihaly Csikszentmihalyi, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá tí ó kú ní ọdún 2021, fi ọ̀pọ̀ ọdún bi àwọn ayàwòrán, àwọn apọ́nkè, àwọn tí ń ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì àti àwọn oníṣẹ́ abẹ léèrè nípa irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé ó sábà máa ń wáyé nígbà tí ènìyàn bá mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fi hàn án lójú ẹsẹ̀ bóyá ó ń ṣe dáadáa, tí ìṣòro rẹ̀ kò sì ju agbára ẹni lọ, tí kò sì kéré sí i. Bí ó bá le jù, àyà yóò máa já ẹni. Bí ó bá rọ̀ jù, yóò sú ẹni. Ẹ̀yin Àṣàrò, ẹ wò ó pé ibẹ̀ gan-an ni ìlàkàkà àti ìtẹ́lọ́rùn ti pàdé. Ẹni tí ó wà nínú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ rárá, agbára rẹ̀ dé òpin ohun tí ó lè ṣe, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìparí iṣẹ́ nìkan ni ayọ̀ yín wà, ọjọ́ tí ẹ ó yọ̀ kò ní í pọ̀, nítorí ọjọ́ ìparí kì í tó nǹkan lára ọjọ́ iṣẹ́.

Ẹ ó wí pé wíwẹ̀ àti rírìn lọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2010, Matthew Killingsworth tí ẹ ti dárúkọ lókè, pẹ̀lú Daniel Gilbert, lo fóònù láti máa bi àwọn àgbàlagbà 2,250 léèrè ní àkókò tí wọn kò retí pé: kí ni ẹ ń ṣe lọ́wọ́, ibo ni ọkàn yín wà, báwo sì ni inú yín ṣe rí? Ọkàn wọn kò sí lórí ohun tí wọ́n ń ṣe ní ìdá 46.9 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí a bi wọ́n. Inú wọn kì í dùn tó nígbà tí ọkàn wọn bá rìn lọ, àní bí ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ kò tilẹ̀ dùn mọ́ wọn. Bí ó bá sì jẹ́ ohun dídùn ni ọkàn wọn rìn lọ bá, inú wọn kò dùn ju ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà lórí ohun tí ó ń ṣe lọ.

Èyí ni ó jẹ́ kí n rò pé àwọn ọjọ́ tí ẹ ní ẹ kò kà sí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ má sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọjá. Ara yín ń wẹ̀, ọkàn yín ti wà ní ìpàdé aago mẹ́wàá. Ẹ dé ìpàdé, ọkàn yín ti wà ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní kí ẹ má ronú nípa ọ̀la, nítorí ẹni tí kò wọn pákó kí ó tó rẹ́ ẹ yóò fi igi ṣòfò. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ yan iṣẹ́ kékeré kan ṣoṣo nínú ọjọ́ tí ẹ ó máa wà níbẹ̀ tọkàn tara. Bí ó bá jẹ́ omi ni ẹ ń dà sára, kí ẹ mọ̀ pé ó tutù tàbí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọmọ bá ń bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ gbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín kalẹ̀ kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ tán. Ọkàn yóò rìn lọ, ẹ ó sì pè é padà. Ìpè yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà, kì í ṣe pé kí ó má rìn lọ rárá.

Àṣàrò tún kọ̀wé pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ nípa kíkọ ibi tí ó tó sílẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ sì ni ti Gbẹ́nàgbẹ́nà. Òótọ́ ni pé n kì í sí níbi tí mo wà. Òtítọ́-Korò, o ṣeun tí o ya àìní sọ́tọ̀ kúrò lára àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń dà mí láàmú. Mo lè wà ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ọkàn mi balẹ̀ pátápátá, kí n sì ṣí fóònù, kí n rí i pé ẹni tí a jọ kàwé ti kọ́ ilé, pé òmíràn ti di ọ̀gá àgbà, pé àwọn ọmọ ẹlòmíràn ń gba àmì ẹ̀yẹ. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú iyàrá tí mo jókòó sí, síbẹ̀ ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ yóò kéré lójú mi lójú ẹsẹ̀. N kò jowú wọn, n kò sì fẹ́ kí ibi bá wọn. Kí ni kí n ṣe sí èyí?

Ìyá-Àgbà fèsì pé:

Ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òwúrọ̀, n kò sì fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí o béèrè kẹ́yìn yìí jẹ́ ti gbogbo ìdílé. Mo mọ̀ pé o ní ká má fi òwe nìkan dá ọ lóhùn, nítorí náà n kò ní í ka èyí tí ó sọ nípa aago aláago fún ọ.

Kì í ṣe fóònù ni ó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1954 ni Leon Festinger, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti kọ ọ́ pé bí kò bá sí òṣùwọ̀n mìíràn, ara ọmọnìkejì ni ẹ̀dá fi ń wọn ara rẹ̀, àwọn tí ó jọ ọ́ ni ó sì ń yàn. Ìdí nìyẹn tí ilé ọba kì í fi dùn ọ́, àmọ́ tí ilé ẹni tí ẹ jọ kàwé fi ń dùn ọ́. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ náà jọ síwájú rẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ní ọjọ́ tí ó dára jù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, o sì ń fi ọjọ́ lásán tìrẹ wé e.

Ibi tí ènìyàn ń wò ṣe pàtàkì ju ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1995, Victoria Medvec àti àwọn méjì mìíràn ṣe àyẹ̀wò àwòrán àwọn tí wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ ní ìdíje Òlíḿpíìkì ọdún 1992 ní Barcelona. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn wo ojú wọn, kí wọ́n sì sọ bí inú wọn ṣe dùn tó. Inú àwọn tí ó ṣe ipò kẹta dùn ju ti àwọn tí ó ṣe ipò kejì lọ! Ẹni kejì ń wo góòlù tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni kẹta ń wo àwọn tí kò gba nǹkan kan padà sílé. N kò fi èyí kọ́ ọ pé kí o máa yọ̀ sí ẹni tí kò ní, nítorí ìyẹn kì í ṣe ìwà. Ẹni tí o jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kí o bojú wò. Ìwọ fúnra rẹ ti ṣe é nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, tí o sọ pé ká ní wọ́n sọ fún ọ nígbà èwe rẹ, ò bá yọ̀. Ọmọdé yẹn ni kí o máa fi ayé rẹ hàn.

Èkejì ni pé kí o pe àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ẹni tí o ń wò láti òkèèrè, àṣeyọrí rẹ̀ nìkan ni o ń rí. Ẹni tí o bá ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ yóò mọ ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú, inú rẹ yóò sì lè dùn sí ire rẹ̀ láìsí pé ó ń gún ọ. Yunifásítì Harvard bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ọdún 1938, wọ́n ń tẹ̀ lé ìgbé ayé àwọn ọkùnrin 724 láti ìgbà èwe wọn títí wọ́n fi di arúgbó. 268 nínú wọn jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Harvard, 456 sì wá láti àdúgbò àwọn tí kò rí jájẹ ní Boston. Robert Waldinger tí ó ń darí rẹ̀ báyìí kì í dákẹ́ sísọ ohun tí wọ́n rí jù: àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú ẹbí, ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò dán mọ́rán ni ayọ̀ wọn pọ̀, àwọn náà ni ara wọn sì le jù. Èmi tí mo ti dàgbà, mo lè jẹ́rìí sí i. Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fi owó rà, ṣùgbọ́n mo rántí àwọn tí wọ́n jókòó tì mí nígbà tí ọkọ mi kú, mo rántí ohùn wọn, mo sì rántí ẹni tí ó máa ń wá lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí o bá rí ilé tuntun ẹni tí ẹ jọ kàwé lórí fóònù, tẹ nọ́ńbà rẹ̀, kí o kí i kú oríire, kí o sì béèrè àlàáfíà rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń sọ.

Nọ́ọ̀sì-Alẹ́ fèsì pé:

Mà á, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan méjì kún un láti ẹnu iṣẹ́ mi.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọpẹ́, tí ó yà mí lẹ́nu pé ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Ní ọdún 2003, Robert Emmons àti Michael McCullough ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí wọ́n má ju 5 lọ, fún ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn mìíràn ń kọ ohun tí ó bí wọn nínú, àwọn kan sì ń kọ ohun tí ó kàn ṣẹlẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ ọpẹ́ ni ìgbé ayé wọn tẹ́ lọ́rùn jù. Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ tí ó sì sú wọn, ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́ bí ẹni san gbèsè. Nínú iṣẹ́ tí Sonja Lyubomirsky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2005, àwọn tí ń ka ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ó ràn lọ́wọ́, kò sì ran àwọn tí ń kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí Olùkọ́-Àgbà sọ nípa ohun tí kò yí padà náà ni: ọpẹ́ pẹ̀lú lè mọ́ ni lára. Ẹ̀gbọ́n Àṣàrò, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an. «Mo dúpẹ́ fún ìlera» kò tó. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni báyìí dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí òjò ń rọ̀.

Èkejì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe gbogbo àìníìtẹ́lọ́rùn ni ìmọ̀ràn inú ojúewé yìí lè wò. Bí ó bá jẹ́ pé ohunkóhun kò dùn mọ́ ènìyàn mọ́, àní ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, tí ìbànújẹ́ náà wà níbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ rẹ̀ yí padà, tí agbára kò sí lára rẹ̀, tí ó sì ń rò pé òun kò wúlò, àìsàn ni ìyẹn lè jẹ́. Kò túmọ̀ sí pé kò moore tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kéré, ó sì ní ìtọ́jú. Kí ó lọ rí dókítà. Bí èrò àtigba ẹ̀mí ara rẹ̀ bá wá sí i lọ́kàn, kí ó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni tí ó bá wà nítòsí rẹ̀ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó lè tọ́jú rẹ̀.